ẸNU FÓÒNÙ LÓ DÍ, NI WỌ́N BÁ FẸ́ NU GBÈSÈ GBOGBO ỌJÀ NÙ!

Ìwé gbèsè ti kúrò lábẹ́ àtẹ o! Nígbà kan, bí ìyá oníṣòwò bá fẹ́ mọ iye tí oníbàárà jẹ òun, ìwé pélébé kan ni yóò fà yọ lábẹ́ ọjà, ìwé tí ọmọ rẹ̀ tó ń lọ sílé-ìwé ń bá a kọ nǹkan sí. Ẹlòmíràn wà tó jẹ́ pé èédú ló fi ń fa ìlà sára ògiri: ìlà kan, ṣílè kan. Ayé ti kúrò níbẹ̀. Lónìí, láti Ògùnpa dé Dùgbẹ̀, láti Bẹẹrẹ dé Ọjà'ba, inú fóònù ni ọ̀pọ̀ oníṣòwò kó ayé wọn sí. Ẹni tó gba aṣọ àwìn, inú fóònù ni orúkọ rẹ̀ wà. Ẹni tó ti kó àjọ àti ẹni tí kò tíì kó, inú fóònù náà ni. Nọ́ńbà àwọn oníbàárà Ìṣẹ́yìn, Ọ̀yọ́ àti Ògbómọ̀ṣọ́, fọ́tò aṣọ tí wọ́n ní kí wọ́n bá wọn rà bọ̀ láti Èkó, ìwé tí báǹkì fi ránṣẹ́ pé owó ti wọlé, fóònù ló gbé gbogbo rẹ̀ mì.

Ìdí nìyí tó fi jẹ́ pé lọ́jọ́ tí fóònù bá kọ̀ tí kò gba iná mọ́, ara ìyá ọjà kì í lélẹ̀. Wọ́n á ki wáyà bọ̀ ọ́, kò ní dáhùn. Wọ́n á yí i sọ́tùn-ún, wọ́n á yí i sósì, yóò ṣẹ́jú lẹ́ẹ̀kan, yóò tún kú. Wọ́n á sáré gbé e lọ sọ́dọ̀ ọmọkùnrin tó gbé tábìlì kékeré sábẹ́ agbòòrùn. Bí ìyẹn kò bá mọṣẹ́ dáadáa, á yẹ̀ ẹ́ wò fìrí, á mi orí, á ní: "Màmá, ẹ má bínú o. Ó ti kú ni. Àfi ká fọ́máàtì ẹ̀."

Fọ́máàtì! Ṣé ẹ mọ ohun tí ọ̀rọ̀ yẹn túmọ̀ sí? Kí wọ́n nu gbogbo ohun tó wà nínú fóònù nù kanlẹ̀ ni, bí ìgbà tí ọmọ ilé-ìwé fi omi nu síléètì. Gbèsè lọ, àjọ lọ, nọ́ńbà lọ, fọ́tò òkú àti alààyè lọ.

Ẹ dúró ná, ẹ̀yin ìyá wa! Ẹ má tíì gbà fún un. Bí kọ́kọ́rọ́ bá kọ̀ tí kò ṣí ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù, ṣé ọjà inú ṣọ́ọ̀bù ló jóná ni? Ilẹ̀kùn lọ̀tọ̀, ọjà lọ̀tọ̀. Ẹnu tí fóònù fi ń gba iná lọ̀tọ̀, ibi tó ń kó ọ̀rọ̀ pa mọ́ sí lọ̀tọ̀. Ẹnu lè bàjẹ́ kí inú má ní àléébù kankan. Ẹni tí kò bá mọ ìyàtọ̀ yìí, òun ni wọ́n á gba owó lọ́wọ́ rẹ̀, tí wọ́n á tún gba gbèsè rẹ̀ dànù.

IHÒ KÉKERÉ, IṢẸ́ MÉJÌ

Ihò tí wọ́n ń ki wáyà bọ̀ nísàlẹ̀ fóònù, iṣẹ́ méjì ló ń ṣe. Èkínní, ibẹ̀ ni iná ń gbà wọ inú bátìrì. Èkejì, ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ń gbà wọlé tó sì ń gbà jáde, nígbà tí wọ́n bá so fóònù mọ́ kọ̀ǹpútà láti kó fọ́tò tàbí àkọsílẹ̀ lọ síbòmíràn. Irin tẹ́ẹ́rẹ́tẹ́ẹ́rẹ́ ló tò sínú ihò náà. Ẹnu USB tó fẹ̀, irú èyí tó wà lára kọ̀ǹpútà àti fláàṣì, irin mẹ́rin ló ní láti ìbẹ̀rẹ̀: méjì fún iná, méjì fún ọ̀rọ̀. Ẹnu Type-C tó wà lára ọ̀pọ̀ fóònù ìsinsìnyí ní tirẹ̀, àyè irin mẹ́rìnlélógún ló wà nínú ihò tí kò fẹ̀ ju èékánná ọmọdé lọ! Ẹ ò rí i pé ìdọ̀tí díẹ̀ tó fún iṣẹ́ láabi? Bí ó bá bo irin ọ̀rọ̀, fóònù á máa gba iná, ṣùgbọ́n kò ní lè bá kọ̀ǹpútà sọ̀rọ̀. Bí ó bá bo irin iná, ẹ óò rò pé fóònù ti kú.

Ní 1996 ni USB kọ́kọ́ jáde. Ajay Bhatt, ọmọ Íńdíà tó ń ṣiṣẹ́ ní ilé-iṣẹ́ Intel ní Amẹ́ríkà, wà lára àwọn tó ṣíwájú iṣẹ́ náà. Ohun tí wọ́n ń wá ni kí ẹnu kan ṣoṣo lè gba gbogbo nǹkan, kí èèyàn má máa kó wáyà oríṣiríṣi kiri. Àwa náà mọ ìyà yẹn ní ìlú Ìbàdàn. Nígbà tí GSM dé sí Nàìjíríà ní oṣù kẹjọ ọdún 2001, fóònù kọ̀ọ̀kan ló ní ẹnu tirẹ̀. Nokia nìkan ní ẹnu tó nípọn, ó tún ní ẹnu tín-ín-rín. Ẹni tó bá gbàgbé ṣájà sílé á máa bèèrè láti ìsọ̀ dé ìsọ̀: "Ẹ jọ̀ọ́, ta ló ní ẹnu Nokia tín-ín-rín níbí?"

Ọ̀rọ̀ ti dínkù báyìí. Òfin àwọn orílẹ̀-èdè Yúróòpù tó para pọ̀ mú un ní dandan láti ọjọ́ 28 oṣù kejìlá ọdún 2024 pé ẹnu Type-C ni kí fóònù tuntun tí wọ́n bá ń tà lọ́dọ̀ wọn máa ní. Apple, tó ti ń lo ẹnu tirẹ̀ láti 2012, ti yí padà sí Type-C lórí iPhone 15 ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2023. Oore tí ìyẹn ṣe fún wa ni pé wáyà aládùúgbò lè wọ fóònù yín. Bí tiyín bá kọ̀, ẹ lè yá ti aládùúgbò wò kí ẹ tó ná kọ́bọ̀.

KÍ LÓ Ń DÍ I LỌ́JÀ?

Àwọn tó ṣe ẹnu Type-C ṣe é kí wọ́n lè ki wáyà bọ̀ ọ́, kí wọ́n sì yọ ọ́, tó ìgbà 10,000. Bí èèyàn bá ń ṣáàjì lẹ́ẹ̀mẹ́ta lójúmọ́, ìyẹn ju ọdún mẹ́sàn-án lọ. Kí ló dé tí tiwa fi máa ń kọ̀ lẹ́yìn ọdún kan péré?

Ẹ wo ibi tí ẹ ń fi fóònù sí! Ti aláṣọ wà nínú àpò ìdí, tàbí kí ó wé e mọ́ etí ìró. Òwú wẹ́wẹ́ tó ń bọ́ lára aṣọ ló ń wọ inú ihò yẹn lójoojúmọ́. Ti ẹlẹ́lùbọ́ àti oníyẹ̀fun, ìyẹ̀fun ni. Ti káfíńtà, lẹ́búlẹ́bú igi ni. Ti mẹkáníìkì, òróró ọkọ̀ àti eruku tó lẹ̀ mọ́ra ni. Nígbàkúùgbà tí ẹ bá sì ki wáyà bọ̀ ọ́, ńṣe ni ẹ ń ki ìdọ̀tí náà lọ sísàlẹ̀, bí ẹni ń ki èlùbọ́ sínú agolo. Nígbà tó bá yá, àyè kò ní sí fún wáyà láti wọlé dé òpin. Yóò wà lẹ́nu ọ̀nà, yóò máa mì, ẹ óò máa fi rọ́bà dè é.

Omi ni ìkejì, àgàgà omi oníyọ̀. Ìyá ẹlẹ́ja tó fi ọwọ́ tútù gbé fóònù, òógùn tó ṣàn láti àyà wọ inú ihò, ata tó ta sí i lára, gbogbo rẹ̀ ló ń jẹ irin náà. Bí ẹ bá fi tọ́ọ̀ṣì wò ó tí ẹ rí nǹkan aláwọ̀ ewé níbẹ̀, irin ló ti ń dípẹtà.

Ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń gbé fóònù tó mu omi sínú ìrẹsì. Ẹ má ṣe é mọ́ o! Ní 2024, Apple fúnra rẹ̀ kìlọ̀ fún àwọn oníbàárà rẹ̀ pé ìrẹsì lè já wẹ́wẹ́ wọ inú fóònù kó sì ba nǹkan jẹ́. Ohun tí wọ́n ní kí èèyàn ṣe ni pé kí ó dojú ihò náà dé ilẹ̀, kí ó rọra fi ọwọ́ gbá a kí omi lè jáde, kí ó wá gbé e síbi gbígbẹ tí atẹ́gùn ń fẹ́ sí. Kí ó tó ki wáyà bọ̀ ọ́, ó kéré tán, kí ó dúró fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú.

Ìkẹta ni fífà. Fóònù ń ṣáàjì lọ́wọ́, ẹ tún ń fi pe oníbàárà, wáyà tẹ̀ kọdọrọ. Ọmọ kékeré ń sáré kọjá, ó fi ẹsẹ̀ kọ́ wáyà, fóònù já lulẹ̀, ó fi ẹnu gbalẹ̀. Irin inú ihò lè wọ́, ó sì lè kán.

Ọ̀NÀ KAN KÒ WỌJÀ

Ẹni tó mọ iṣẹ́ yìí kì í bẹ̀rẹ̀ láti inú. Ìta ló ti ń bẹ̀rẹ̀. Ohun tí kò ní owó nínú ló kọ́kọ́ ń yẹ̀ wò kó tó kan èyí tó lówó nínú. Nǹkan kan ṣoṣo ló sì ń pààrọ̀ lẹ́ẹ̀kan, kó lè mọ èwo gan-an ló ń jẹ́jọ́. Bí ẹ bá pààrọ̀ wáyà, tí ẹ pààrọ̀ orí ṣájà, tí ẹ tún pààrọ̀ ibi tí ẹ ti ń gba iná lẹ́ẹ̀kan náà, tí fóònù wá jí, ta ni olè nínú àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta?

Ẹ jẹ́ ká mú un pé ìyá aláṣọ kan gbé fóònù rẹ̀ dé ọ̀dọ̀ ẹni tó mọṣẹ́. Ọ̀rọ̀ tó yẹ kó wáyé láàárín wọn nìyí:

"Ẹ kú ọjà o, Màmá. Kí ló ṣe é?"

"Ọmọ mi, kò gba iná mọ́ látàárọ̀. Wọ́n ní ó ti kú. Wọ́n ní àfi kí wọ́n fọ́máàtì ẹ̀."

"Ẹ fọkàn balẹ̀ ná, Màmá. Ṣé ẹ ti fi wáyà ẹlòmíì wò ó?"

"Rárá o. Èyí tí mo ń lò láti ọjọ́ yìí náà ni."

"Ẹ jẹ́ n fi tèmi wò ó. Hẹn-ẹn! Ẹ wo iná tó ń wọlé. Wáyà yín ló já nínú, Màmá. Kò sóhun tó ṣe fóònù."

"Yéè! Owó gọbọi ni mo mú dání bọ̀ o!"

"Ẹ fi ra wáyà tó dáa, Màmá. Kẹ́ ẹ fi ìyókù ra nǹkan fáwọn ọmọ."

Ẹ tẹ̀lé e báyìí. Àkọ́kọ́, ṣé iná wà níbi tí ẹ ti ń ṣáàjì? Ẹ fi fóònù ẹlòmíràn wò ó níbẹ̀. Ìkejì, ẹ pààrọ̀ wáyà. Wáyà ló ń tètè já jù, pàápàá níbi ọrùn rẹ̀. Ẹ sì gbọ́ àṣírí kan: àwọn wáyà olówó pọ́ọ́kú kan wà tó jẹ́ okùn iná nìkan ni wọ́n fi sínú rẹ̀, kò sí okùn ọ̀rọ̀. Irú rẹ̀ á ṣáàjì fóònù dáadáa, ṣùgbọ́n kọ̀ǹpútà kò ní rí fóònù yẹn títí ayé. Ẹni tí kò mọ̀ á ní ẹnu fóònù ti bàjẹ́. Ìkẹta, ẹ pààrọ̀ orí ṣájà, ìyẹn èyí tí ẹ ń ki bọ ara ògiri.

Ìkẹrin ni kí ẹ tó wo inú ihò. Ẹ pa fóònù. Ẹ tan tọ́ọ̀ṣì sí i. Bí òwú bá wà níbẹ̀, ẹ óò rí i. Ẹ mú igi ìtayín gbígbẹ, ẹ rọra fi tú u láti ẹ̀gbẹ́, ẹ má ṣe fi agbára wa ojú irin. Búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín tuntun tó rọ̀, tó sì gbẹ, náà dára. Ẹ má fi abẹ́rẹ́ o! Ẹ má fi píìnì gèlè! Irin pẹ̀lú irin lè kan ara wọn kí nǹkan jó, ó sì lè kán ahọ́n tó wà nínú ihò Type-C. Ẹ má fi ẹnu fẹ́ atẹ́gùn sí i pẹ̀lú, nítorí itọ́ ń bá atẹ́gùn ẹnu lọ. Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́.

Ìkarùn-ún, bí fóònù bá ń gba iná ṣùgbọ́n tí kọ̀ǹpútà kò rí i, ẹ wo ojú fóònù. Ọ̀pọ̀ fóònù Android, iná nìkan ni wọ́n máa ń gbà nígbà tí ẹ bá so wọ́n mọ́ kọ̀ǹpútà, àfi tí ẹ bá fúnra yín tẹ ibi tí wọ́n kọ "File transfer" sí. Bí ojú fóònù bá wà ní títì, kò ní ṣílẹ̀kùn fún àlejò. Ìyẹn kì í ṣe àìsàn, ìwà ọmọlúàbí ni: kò fẹ́ kí olè kó ẹrù yín.

Lẹ́yìn gbogbo èyí ni ọ̀rọ̀ ẹnu tuntun tó lè wáyé. Lára àwọn fóònù kan, orí pátákó kékeré kan tó dá dúró ni ẹnu náà wà. Wọn á tú èèkàn, wọn á yọ ọ́, wọn á fi òmíràn sí i. Lára òmíràn, wọ́n fi òjé lẹ̀ ẹ́ mọ́ pátákó ńlá. Ìyẹn gba ọwọ́ tó mọ bí wọ́n ṣe ń fi iná yọ́ òjé láìjó ẹgbẹ́ rẹ̀. Nínú méjèèjì, kò sí èyí tó ní kí wọ́n nu ohun inú fóònù nù. Bí wọ́n bá ń tún ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù ṣe, ṣé wọ́n ń kó ọjà dà síta ni?

IRÚ ÈYÍ FÚN ONÍFỌ́TÒ ÀTI TẸ́LỌ̀

Ọ̀rọ̀ yìí kò mọ sórí fóònù. Onífọ́tò tó kó fọ́tò ìgbéyàwó ogójì ilé sínú hard disk kan, tẹ́lọ̀ tó kó àwọn àrà aṣọ sínú fláàṣì, ọ̀nà kan náà ni kí wọ́n tọ̀.

Bí kọ̀ǹpútà kò bá rí hard disk, ẹ pààrọ̀ wáyà. Ẹ pààrọ̀ ihò tí ẹ ń ki í bọ̀ lára kọ̀ǹpútà. Ẹ gbé e lọ sórí kọ̀ǹpútà mìíràn. Ẹ wò bóyá iná rẹ̀ ń tàn. Ẹ fi etí sí i. Bí ó bá ń yí jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́, ìrètí ńlá wà pé ẹnu rẹ̀ tàbí wáyà rẹ̀ ni. Bí ó bá ń ró "kọ́, kọ́, kọ́" bí ẹni ń kan ilẹ̀kùn, ẹ pa á lójú ẹsẹ̀! Àìsàn inú nìyẹn, ìtànràn yíyí á sì máa ba ibi tó kù jẹ́. Ẹni tó mọ iṣẹ́ kíkó ọ̀rọ̀ yọ nìkan ni kí ẹ gbé e fún. Bí ẹnikẹ́ni bá sì fẹ́ ṣí ikùn hard disk náà láàárín eruku ọjà, ẹ gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Abẹ́rẹ́ tó ń ka ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ sún mọ́ àwo tó ń yí débi pé eruku kan ṣoṣo lè fa àwo náà ya.

Bí kọ̀ǹpútà bá rí i lẹ́ẹ̀kan, tí kò tún rí i mọ́, tó ń wá tó ń lọ, ẹ má lo àǹfààní yẹn láti máa wo fọ́tò. Kíákíá, ẹ da ohun inú rẹ̀ kọ síbòmíràn ná, kí ẹ tó tún ẹnu ṣe. Bí kọ̀ǹpútà bá sì bi yín bóyá kí òun fọ́máàtì rẹ̀, ìdáhùn kan ló wà: rárá.

BÁTÌRÌ KÚ, ỌJÀ Ò KÚ

Ohun tó ń dẹ́rù ba ọ̀pọ̀ èèyàn ni pé bí iná bá tán pátápátá nínú fóònù, ohun inú rẹ̀ á parẹ́. Irọ́ ni. Irú ibi ìkó-ọ̀rọ̀-pamọ́ tó wà nínú fóònù, fláàṣì àti mẹ́mórì káàdì, Fujio Masuoka ló dá a sílẹ̀ ní ilé-iṣẹ́ Toshiba ní Jàpáánì láàárín ọdún 1980 sí 1989. Iṣẹ́ rẹ̀ gan-an ni pé kó di ọ̀rọ̀ mú láìsí iná. Fóònù tó ti kú lọ́sẹ̀ mẹ́ta, ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ ṣì wà níbẹ̀, ó ń retí kí ẹnìkan jí i.

Bí ẹnu bá bàjẹ́ tí iná díẹ̀ ṣì kù, ẹ má fi pe èèyàn. Ẹ fi Bluetooth tàbí íntánẹ́ẹ̀tì kó ohun tó ṣe pàtàkì lọ sórí fóònù mìíràn. Ẹ yọ mẹ́mórì káàdì bí ó bá ní. Fóònù kékeré tí bátìrì rẹ̀ ń ṣí, ẹ yọ bátìrì náà kí ẹ fi sórí ṣájà tó ń fún un mú níta. Àwọn fóònù olówó ńlá kan ń gba iná láìsí wáyà rárá, bí wọ́n bá gbé wọn lé orí àwo ṣájà. Ọ̀nà kan kò wọjà!

Nígbà tí ẹ bá sì ń gbé fóònù fún àtúnṣe, ẹ yọ síìmù káàdì yín. Ẹ má sọ nọ́ńbà àṣírí báǹkì yín fún ẹnikẹ́ni, ẹni tó ń tún ẹnu ṣáájì ṣe kò nílò rẹ̀. Ẹ jókòó tì í bí ẹ bá ráyè.

ỌJỌ́ TÍ ỌNÀ BÁǸKÌ GÉ

Bí ẹ bá rò pé ọ̀rọ̀ ìlẹ̀kùn àti ilé yìí kéré, ẹ rántí ọjọ́ 14 oṣù kẹta ọdún 2024. Lọ́jọ́ náà, wáyà mẹ́rin tó gba abẹ́ òkun, WACS, MainOne, ACE àti SAT-3, gé nítòsí Abidjan ní Côte d'Ivoire. Íntánẹ́ẹ̀tì di ìṣòro ní ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà. Ní Nàìjíríà, àwọn báǹkì kan kò lè ṣiṣẹ́ bó ṣe yẹ. Oníbàárà tẹ fóònù títí, owó kò lọ. Àwọn kan ti ń pariwo pé owó àwọn ti wọmi.

Kò wọmi. Owó wà níbi tí wọ́n kọ ọ́ sí. Ọ̀nà ló gé. Àwọn ilé-iṣẹ́ tó ní ọ̀nà mìíràn, irú bíi wáyà Equiano tí kò gé, yí ọ̀rọ̀ wọn gba ibẹ̀, nígbà tí ọkọ̀ ojú omi ń lọ tún àwọn tó gé ṣe. Kò sí ẹni tó ní kí báǹkì nu ìwé owó gbogbo ayé nù kí wọ́n bẹ̀rẹ̀ tuntun nítorí wáyà gé. Kí ló wá dé tí ẹ óò gbà kí wọ́n ṣe irú rẹ̀ sí tiyín?

ṢÙGBỌ́N ÌGBÀ TÍ ILÉ FÚNRA RẸ̀ BÁ LỌ ŃKỌ́?

Ọ̀rọ̀ kan kù, àwọn ará Ògùnpa ló sì yẹ kó yé jù. Ní ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ 31 oṣù kẹjọ ọdún 1980, odò Ògùnpa kún àkúnya. Kì í ṣe ilẹ̀kùn lomi bàjẹ́ lọ́jọ́ yẹn. Ilé àti ṣọ́ọ̀bù ló kó lọ, pẹ̀lú ọjà, pẹ̀lú ìwé, pẹ̀lú ẹ̀mí ọ̀pọ̀lọpọ̀ èèyàn. Ẹni tó fi gbogbo àkọsílẹ̀ rẹ̀ sínú àpótí kan ṣoṣo, tí omi gbé àpótí náà lọ, ta ni yóò bá ṣírò gbèsè? Ní ọjọ́ 26 oṣù kẹjọ ọdún 2011, omi tún jà ní Ìbàdàn.

Fóònù náà lè bọ́ sómi. Olè lè já a gbà ní Dùgbẹ̀. Iná lè jó ṣọ́ọ̀bù. Lọ́jọ́ bẹ́ẹ̀, ẹnu tó dára kò ní wúlò. Nítorí náà, ibi méjì ó kéré tán ni kí ọ̀rọ̀ yín wà. Ẹ ní kí ọmọ yín bá yín fi nọ́ńbà àwọn oníbàárà pa mọ́ sórí àkáǹtì Google, kí ó má jẹ́ orí fóònù nìkan. Ẹ ní kí ó ṣí ibi tí WhatsApp ti ń ṣe "Chat backup", kí ó sì rí i pé ó ń ṣiṣẹ́. Ọ̀fẹ́ ni Google ń fún èèyàn ní àyè 15 GB, ó sì tó fún ìwé gbèsè ẹgbẹẹgbẹ̀rún oníbàárà. Ẹ rí i pé ẹ̀yin fúnra yín mọ orúkọ àkáǹtì náà àti ọ̀rọ̀ àṣírí rẹ̀, nítorí ọmọ lè lọ sí yunifásítì lọ́la.

Ẹ má sì ju ìwé pélébé ọjọ́sí nù. Ní alẹ́ ọjọ́ kan lọ́sẹ̀, kí ẹ kọ orúkọ ẹni tó jẹ yín àti iye tó jẹ sínú rẹ̀, kí ẹ gbé e sílé, kí ó má wà nínú àpò kan náà pẹ̀lú fóònù. Ìwé kò ní ẹnu tó ń dí.

Àwọn tó ń tún fóònù ṣe náà ní ipa tiwọn. Iṣẹ́ ọwọ́ gidi ni iṣẹ́ yìí, kò yàtọ̀ sí ti alágbẹ̀dẹ tàbí ti mẹkáníìkì. Èyí tó bá sọ fún ìyá oníṣòwò pé "wáyà ni, ẹ lọ ra wáyà" á pàdánù owó kékeré lónìí. Ṣùgbọ́n lọ́la, gbogbo ìlà ìsọ̀ náà ni yóò máa gbé fóònù wá bá a, nítorí ìyá yẹn kò ní dákẹ́. Èyí tó bá sì nu gbèsè ọjà nù nítorí òwú tó dí ihò, ìyá yẹn kò ní dákẹ́ náà.

Bí fóònù bá kọ̀ fún yín lọ́la, ẹ kọ́kọ́ bi aládùúgbò pé: "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ yá mi ní wáyà yín wò." Bí ẹnikẹ́ni bá sì sọ pé àfi kí òun fọ́máàtì rẹ̀, ẹ bi í léèrè méjì: "Ṣé o ti wo inú ihò ẹ̀? Ṣé o ti da ohun inú ẹ̀ kọ síbòmíì ná?" Bí kò bá rí ìdáhùn fún yín, ẹ gbé fóònù yín, ẹ kí i pé ó kú iṣẹ́, kí ẹ máa lọ sọ́dọ̀ ẹlòmíràn.